Bí Beatrice Ṣe Fi Káséètì Sílẹ̀

Ní Ìkọ̀lé ayé ọjọ́sí, kí tẹlifóònù alágbèéká tó dé, bí èèyàn bá gba ẹ̀yìn ọsibítù ìjọ kọjá láàárọ̀, yóò gbọ́ ìró tàpùráítà kan tó ń dún wàràwàrà bí ẹni da àgbàdo sínú agbada gbígbóná. Beatrice Ọláyínká ló ń tẹ̀ ẹ́. Ọmọ Ìtàjí ni, ọ̀kadà ló máa ń gbé e wá síṣẹ́ láràárọ̀, eruku ojú ọ̀nà á sì ti kun gèlè rẹ̀ kó tó dé. Yóò gbọn gèlè náà lẹ́nu ọ̀nà, yóò kí nọ́ọ̀sì tó ń lọ sílé, yóò sì ṣí ilẹ̀kùn yàrá kótópó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé oògùn. Ibẹ̀ ni ìjọba rẹ̀ wà.

Iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀ ṣàjèjì sí gbogbo agbègbè náà. Dókítà Oyèbánjí, ọ̀gá àgbà ọsibítù ọ̀hún, ti ní jàǹbá ọkọ̀ nígbà kan rí, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì kán. Egungun náà jinná, ṣùgbọ́n àwọn ìka kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́. Bó bá kọ̀wé, bí ẹni pé adìyẹ ti ẹsẹ̀ bọ yíǹkì ni. Ó ti rí i nígbà tó wà lókè òkun pé àwọn dókítà ibẹ̀ máa ń sọ ọ̀rọ̀ aláìsàn sínú káséètì, tí ẹlòmíràn á wá jókòó gbọ́ ọ, á sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Ó ra ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kékeré kan, ó sì ní kí wọ́n wá táípíìsì tí etí rẹ̀ mú fún òun. Ọdún kejì tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ni wọ́n gba Beatrice.

Ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà kò rọrùn. Orúkọ tí àwọn òyìnbó fún àrùn gùn ju òpópónà Ọ̀mùò lọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó rò pé wọn óò lé òun. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi káséètì kejì sínú ẹ̀rọ, ó gbọ́ tí dókítà dákẹ́ díẹ̀, tó sì yí sí Yorùbá: "Beatrice, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí le. Jẹ́ kí n pè é ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan fún ọ." Ó sì pè é, ó tún un pè. Láti ọjọ́ náà ni ìbẹ̀rù ti kúrò lára rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn méjèèjì ṣe di ojúlùmọ̀, láìjẹ́ pé wọ́n ń rí ara wọn lójúkojú lọ títí. Onítìjú èèyàn ni dókítà. Bí wọ́n bá pàdé lọ́nà wọ́ọ̀dù, yóò kàn ní, "Ẹ káàárọ̀ o," yóò sì yára kọjá bí ẹni tí wọ́n ń lé. Inú káséètì ló ti máa ń sọ̀rọ̀. Beatrice á ki ohun ìgbọ́rọ̀ bọ etí méjèèjì, á fi ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dàlì tó ń dá ohùn dúró, gbogbo ayé dókítà á sì ṣí sílẹ̀ fún un. Ó máa ń gbọ́ òjò lórí páànù. Ó máa ń gbọ́ ṣíbí nínú ife tíì. Ó mọ ìgbà tí òtútù bá mú dókítà, ó mọ ọjọ́ tí ọmọdé kan kú mọ́ ọn lọ́wọ́, nítorí ohùn rẹ̀ á lọ sílẹ̀, á sì máa sinmi láàárín ọ̀rọ̀. Nígbà mìíràn, bí Gẹ̀ẹ́sì ńlá ńlá bá ṣe ń lọ lọ́wọ́, á kàn gbọ́: "Ṣíọ̀! Jáde! Beatrice, má kọ ìyẹn o, ewúrẹ́ Ìyá Alásè ló wọlé." Beatrice á rẹ́rìn-ín títí, òun nìkan nínú yàrá, àwọn tó ń kọjá á sì rò pé nǹkan ń ṣe é.

Káséètì mélòó kan náà ni wọ́n ń lò lálòtúnlò. Ohùn tòní ló ń pa tàná rẹ́. Lásìkò yẹn, kò sí ẹni tó rò pé ó yẹ kí wọ́n pa ọ̀kankan mọ́.

Iṣẹ́ náà sì ní ẹrù tirẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì kan, nígbà tí Beatrice ti fẹ́ máa palẹ̀ mọ́, ó gbọ́ orúkọ kan lórí káséètì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi yẹ̀ lórí pẹ́dàlì. Olúrẹ̀mí ni, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà èwe, tí wọ́n jọ ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ ní Ìtàjí. Kókó kan wà lọ́mú rẹ̀, dókítà kò sì fẹ́ràn bí kókó náà ṣe rí. Ó fẹ́ kó lọ sí Ìbàdàn fún iṣẹ́ abẹ. Beatrice yọ ohun ìgbọ́rọ̀ létí. Nígbà tó yá, ó ki í bọ etí padà, ó sì tẹ ìwé náà parí, nítorí pé iṣẹ́ ni.

Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, àwọn méjèèjì jọ dúró ní ìlà kan náà, wọ́n jọ di ìwé orin kan mú. Ohùn Olúrẹ̀mí ń lọ sókè bí ẹyẹ. Beatrice kò lè kọrin, ó kàn ń la ẹnu ni. Kò sọ fún ọkọ rẹ̀, kò sọ fún ìyá rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá kí Olúrẹ̀mí tó wá bá a nílé, kó tó sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀. Beatrice ń wá bí yóò ṣe ṣe bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Má wulẹ̀ díbọ́n," ó ní. "Mo mọ ibi tó o ti ń ṣiṣẹ́. Gbogbo ọjọ́ wọ̀nyí ni mò ń tẹ́tí sí àdúgbò, mi ò gbọ́ òfófó kankan. O ṣeun."

Olúrẹ̀mí lọ sí Ìbàdàn. Wọ́n gé ọmú náà. Ó padà wá, ó rù, ṣùgbọ́n ó padà wá.

Ọdún ń gorí ọdún. Ní ọdún 2004, ọsibítù gba ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Adétúnjí láti wá ṣe olórí ẹ̀ka tí wọ́n ń kó fáìlì aláìsàn sí. Kọ̀ǹpútà dé, jẹnẹrétọ̀ dé. Àwọn dókítà tuntun ń fi ọwọ́ ara wọn kọ ọ̀rọ̀ aláìsàn wọn, kò sí èyí tó ń sọ̀rọ̀ sínú káséètì. Lọ́jọ́ kan Adétúnjí wọlé tọ Beatrice wá, ó tẹríba díẹ̀, ó jókòó.

"Ìyá Pẹ̀lúmi, mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ bá yín sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí i."

"Ẹ máa wí, Ọ̀gá."

"Bàbá Oyèbánjí máa fẹ̀yìn tì lópin ọdún yìí. Bí wọ́n bá lọ, iṣẹ́ káséètì parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ fẹ́ rán ẹnì kan lọ sí Ìbàdàn láti kọ́ iṣẹ́ kóòdù. Gbogbo àìsàn tó wà láyé ló ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹni náà á máa ka fáìlì aláìsàn tó bá ti lọ sílé, á sì fún àìsàn rẹ̀ ní nọ́ńbà tó tọ́ sí i. Ẹ̀yin lẹ mọ orúkọ àìsàn jù lọ nínú gbogbo wa tí a kì í ṣe dókítà. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ dárúkọ."

"Nọ́ńbà?" Beatrice wí. "Kí n máa fi nọ́ńbà pe èèyàn?"

"Àìsàn la fi ń pè, mà. Kì í ṣe èèyàn."

Ọ̀rọ̀ náà kò wọ̀ ọ́ létí. Nígbà tó délé, ó sọ fún ọkọ rẹ̀, Máyọ̀wá, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní iṣẹ́ ọ̀gbìn. Ọkùnrin náà gbọ́ ọ tán, ó ní, "Bí ilẹ̀ bá ti ṣá, àgbẹ̀ a ṣí lọ síbòmíràn."

"Ilẹ̀ tèmi ò tíì ṣá!" ni Beatrice fi dáhùn, ó sì gbé àwo oúnjẹ kúrò níwájú rẹ̀ kó tó jẹun tán.

Lópin ọ̀sẹ̀ ó gun orí àpáta tó wà lẹ́yìn ìlú, níbi tí nẹ́tíwọ̀kì ti ń wọlé, ó sì pe àbúrò rẹ̀ Olúwọlé tó wà ní Amẹ́ríkà. Ó rò pé ìyẹn á gbè sẹ́yìn òun. Olúwọlé ní, "Àǹtí mi, níbí, wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀rọ láti máa gbọ́ ọ̀rọ̀ dókítà, kó sì máa tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹ lọ kọ́ kóòdù náà." Beatrice sọ̀ kalẹ̀ lórí àpáta. Ó ń rò ó lọ́kàn bóyá ẹ̀rọ á mọ ìgbà tó yẹ kó fo ọ̀rọ̀ ewúrẹ́.

Olúrẹ̀mí ló wá tú u sílẹ̀. Àwọn méjèèjì jókòó lábẹ́ igi ọsàn, wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe gaàrí. Beatrice ro gbogbo ẹjọ́ rẹ̀. Ó ní òun mọ àwọn aláìsàn náà lóhùn dókítà, òun mọ ẹni tó ń sunkún, òun mọ ẹni tó ń fi àìsàn ṣẹ̀fẹ̀. Kí ni nọ́ńbà mọ̀?

Olúrẹ̀mí bó ẹ̀gẹ́ kan tán kó tó sọ̀rọ̀. "Nọ́ńbà tí wọ́n bá fún tèmi, ṣé orúkọ mi á wà lára rẹ̀?"

"Rárá o."

"Kí ni wọ́n wá ń fi ṣe?"

"Adétúnjí ní wọ́n á kà wọ́n pọ̀, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí Adó, kí ìjọba lè mọ irú àìsàn tó wà níbí àti iye ẹni tó ń ṣe."

Olúrẹ̀mí gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Beatrice, nígbà tí nǹkan yìí ṣe mí, mo rò pé èmi nìkan ni. Ìtìjú ló fẹ́ pa mí, kì í ṣe àìsàn. Mo dé Ìbàdàn, mo bá obìnrin Irele, mo bá obìnrin Ìdó, a jọ wà lórí ìlà. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé a pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. O ti bá mi pa orúkọ mi mọ́. Lọ bá mi ka ara mi mọ́ àwọn tó kù." Ó mú ọ̀bẹ rẹ̀ padà. "Uṣẹ́ lo fẹ́ pààrọ̀, kì í ṣe orí."

Beatrice ń bó ẹ̀gẹ́ lọ. Omi ojú rẹ̀ ń kán sínú ẹ̀gẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ajé, ó lọ bá Adétúnjí, ó ní òun á lọ.

Lọ́sẹ̀ tí dókítà lò kẹ́yìn lẹ́nu iṣẹ́, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn yàrá táìpù. Dókítà Oyèbánjí fúnra rẹ̀ ni. Kò wọ ibẹ̀ rí. Ó dúró, ó ń wo tàpùráítà, ó ń wo ohun ìgbọ́rọ̀ tó wà lórí tábìlì.

"Ibi tí mò ń wá lójoojúmọ́ nìyí," ó ní.

"Ẹ jókòó, sà."

Ó jókòó. Ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ bí odò nínú káséètì, ẹnu rẹ̀ wúwo níwájú èèyàn. Ó wí pé, "Ọdún tí ọwọ́ mi kán, mo rò pé iṣẹ́ mi ti tán. Ìwọ lo di ọwọ́ ọ̀tún mi. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ lójú rẹ, mo sì ti gbìyànjú láti sọ ọ́ sínú káséètì, ṣùgbọ́n mo pa á rẹ́."

Beatrice kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, sà." Ó kábàámọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà pé òun kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, pé òun kò sì tọrọ káséètì ẹyọ kan péré.

Ẹ̀kọ́ Ìbàdàn le. Láàárín àwọn ọ̀dọ́, òun ni ìyá gbogbo wọn. Àwọn nọ́ńbà náà ń dà rú mọ́ ọn lójú, títí tó fi rí ọgbọ́n kan dá: bó bá ka orúkọ àìsàn kan, á gbọ́ ọ lóhùn Dókítà Oyèbánjí nínú ọkàn rẹ̀, bó ṣe ń pè é ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà náà á sì lẹ̀ mọ́ ohùn náà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe yege. Ó padà sí Ìkọ̀lé, ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà nínú yàrá tuntun kan. Nígbà tí nọ́ńbà ọdún àkọ́kọ́ pé, pẹ̀lú ti àwọn fáìlì àtijọ́, ó wo iye obìnrin tó ní àìsàn ọmú, ó sì mọ̀ pé ẹnì kan lára wọn ń kọrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun lọ́jọ́ Ìsinmi. Nítorí iye náà, àwọn nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ káàkiri ìjọ, wọ́n ń kọ́ àwọn obìnrin bí wọ́n ṣe ń yẹ ara wọn wò. Olúrẹ̀mí a sì máa bá wọn lọ.

Síbẹ̀, yàrá tuntun náà dákẹ́ jù. Láwọn ọ̀sán mìíràn, bí òjò bá ń rọ̀, Beatrice á kàn dá ọwọ́ dúró, á sì máa tẹ́tí.

Nígbà ìkórè iṣu ọdún 2007, òun àti Máyọ̀wá gba ọ̀nà Ẹ̀dá-Oníyọ̀ lọ kí dókítà, tó ti di àgbẹ̀ níbẹ̀. Ó ti hewú, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀. Wọ́n gún iyán, wọ́n jẹ, wọ́n sinmi sábẹ́ igi. Dókítà ń bi Beatrice léèrè nọ́ńbà ibà, ó ń bi í ní ti jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀, Beatrice sì ń dáhùn.

"Arúgbó ńkọ́?" ó wí. "Èyí tí kò sí àrùn kankan níbẹ̀, tó kàn jẹ́ pé ọjọ́ ti lọ?"

"Ó ní tirẹ̀, sà. R54."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí Beatrice ti gbọ́ létí rẹ̀ fún ọdún pípẹ́ ṣùgbọ́n tí kò fojú rí rí: gbogbo ojú rẹ̀ ló ń rẹ́rìn-ín, orí rẹ̀ sì ń mì. Ó dìde lọ mú iṣu tó fẹ́ dì fún wọn lọ sílé.