Àpótí Ìbò Tí Ìyá Má-tẹ̀-ẹ́ Fọ̀

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìjà Ìyá Má-tẹ̀-ẹ́, ẹ fi bàtà ẹlẹ́rẹ̀ tẹ ilẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Orúkọ yẹn kì í ṣe orúkọ àbísọ o. Àwọn ọmọ ilé-ìwé tó ń gbálẹ̀ fún ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ohùn rẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbọ́ láàárọ̀ kí aago tó lù: "Má tẹ̀ ẹ́! Mo ní o má tẹ̀ ẹ́! Ṣé o ò rí i pé ilẹ̀ ṣì tutù ni?" Ọ̀gá ilé-ìwé pàápàá, pẹ̀lú táì lọ́rùn, á bọ́ bàtà rẹ̀ sọ́wọ́, á máa yọ́ ẹsẹ̀ rìn bí olè lọ sí ọ́fíìsì ara rẹ̀.

Ká má parọ́, ìmọ́tótó obìnrin náà ti ń sú èèyàn. Bó bá wá kí yín nílé, kó tó jókòó, á ti fi ìka ra orí tábìlì yín, á wo ìka náà, á sì mí kanlẹ̀. Ọkọ rẹ̀, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, máa ń sọ pé bí òun bá kú, ìyàwó òun á kọ́kọ́ gbá inú sàréè kí wọ́n tó gbé òun sí i. Ó sì gbá a lóòótọ́.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin, tó ń ránṣọ ní ìsàlẹ̀ òpópónà. Lẹ́yìn tí ojú ọmọ ti pọ́n ọmọ náà fún ìgbà pípẹ́, ó wá lóyún, ikùn sì ti yọ lásìkò tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ìyá Má-tẹ̀-ẹ́ ń sọ ọ́ kiri fún ẹni tó béèrè àti ẹni tí kò béèrè pé òun lòun máa wẹ ọmọ náà lọ́jọ́ tó bá délé ayé. Kò sí nọ́ọ̀sì kankan, kò sí àna kankan, tó máa fi ọwọ́ tí òun ò yẹ̀ wò kan ọmọ-ọmọ òun. Ìyẹn nìkan ló ń retí láyé mọ́.

Ìdìbò wá dé, ilé-ìwé náà sì di ibùdó. Ìjọba lẹ bébà ńlá kan mọ́ ara ògiri kíláàsì tí wọ́n fẹ́ lò, lẹ́tà pupa gàdàgbà gàdàgbà: ẹni tó bá kó ìwé ìdìbò sínú àpótí lọ́nà àìtọ́, ẹ̀wọ̀n, ẹni tó bá fà á ya tàbí tó sun ún, ẹ̀wọ̀n, ẹni tó bá ba ẹ̀rọ ìdìbò jẹ́, ẹ̀wọ̀n àti owó ìtanràn. Wọ́n ya ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀wé. Alága ẹgbẹ́ òṣèlú àdúgbò, ọkùnrin kan tí gbogbo ayé ń pè ní Alága débi pé ìyàwó rẹ̀ náà ń pè é bẹ́ẹ̀, dúró níwájú bébà yìí, ó sọ̀rọ̀ lórí ìwà òtítọ́ títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Ìyá Má-tẹ̀-ẹ́ náà ka bébà náà. Ohun tó rí níbẹ̀ ni pé wọ́n lẹ̀ ẹ́ wọ́. Ó tú u, ó tún un lẹ̀, ó sì fi àkísà nu ojú ìka Alága kúrò lára rẹ̀.

Ọ̀dọ́mọbìnrin tó jẹ́ ọ̀gá àwọn elétò ìdìbò ti sọ fún un pé, "Màmá, ẹ bá wa tún gbogbo inú yàrá yìí ṣe kí ilẹ̀ ọjọ́ ìdìbò tó mọ́. Mi ò fẹ́ rí ìdọ̀tí kankan níbẹ̀." Háà! Irú ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n lọ sọ fún Ìyá Má-tẹ̀-ẹ́!

Ní ìdájí, ó gbálẹ̀, ó nu ilẹ̀, ó nu àga, ó nu fèrèsé. Ó wá kan àpótí ìbò. Ó gbé e, ó wúwo. Ó ṣí ìdérí rẹ̀, ó bá ìwé ìdìbò nínú rẹ̀, wọ́n ti tẹ̀ka sí i, wọ́n ti ká a, ó kún dé ẹnu. Ẹlòmíràn ì bá figbe olè ta. Ìyá Má-tẹ̀-ẹ́ pòṣé ni.

"Ẹ wá wo ọ̀bùn èèyàn o! Ìbò tí wọ́n dì lọ́jọ́sí, wọn ò tíì kó o dànù! Wọ́n á sì ní kí aráàlú wá da tuntun lé e lórí!"

Lójú tirẹ̀, pàǹtí ìbò tó kọjá ni. Ó da gbogbo rẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀, ó gbé e lọ sẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń sun ìdọ̀tí, ó ṣáná sí i. Ó padà wá fi ọṣẹ fọ àpótí náà, ó dorí rẹ̀ kodò síta kó lè gbẹ, ó sì gbé e padà sáyè rẹ̀ pẹ̀lú orin lẹ́nu.

Nígbà tí èrò pé, ọ̀gá elétò gbé àpótí sókè, ó yẹ̀ ẹ́ wò fún gbogbo wọn pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Òórùn ọṣẹ ta sáfẹ́fẹ́, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Alága, tó dúró síwájú nínú aṣọ funfun, ya ẹnu, kò lè pa á dé. Kí ló fẹ́ wí? Ó tẹ̀ka bíi ti gbogbo èèyàn, ó sì lọ jókòó sábẹ́ igi.

Nírọ̀lẹ́, wọ́n kàbò, olùdíje tirẹ̀ fìdí rẹmi. Olùdíje náà, ọ̀gá rẹ̀, pè é lórí fóònù, ó bú u, ó bú ìyá tó bí i. Alága sáré lọ bá oníṣọ́ ẹnu-ọ̀nà tó ṣílẹ̀kùn fún un lálẹ́ àná, ìyẹn ló sọ fún un pé Ìyá fọ àpótí. Ó wá bá a níbi tó ti ń fọ àkísà.

"Ìyá, kí lẹ ṣe sí ìwé inú àpótí yẹn?"

"Mo sun ún ni. Ṣé ẹ wá dúpẹ́ ni?"

"Ẹ sun ún? Ẹ sun ìbò mi!"

"Ìbò yín kẹ̀? Oòrùn ò tíì yọ nígbà tí mo sun ún. Ìgbà wo lẹ dì í?"

Ìgbà yẹn ni ó tó yé obìnrin náà. Ó wo Alága láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì padà sídìí àkísà rẹ̀. Ẹni tí orí rẹ̀ pé á rọra wábi gbà. Àmọ́ orí Alága ti gbóná, ó sì ń wá ẹni tó máa di ẹ̀bi rù lójú ọ̀gá rẹ̀. Ó gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ, ó ní obìnrin kan dáná sun ìwé ìdìbò. Wọ́n bi Ìyá Má-tẹ̀-ẹ́, ó ní òun sun ún. Ó ní kí wọ́n béèrè bí ìwé ṣe dé inú àpótí kí ìdìbò tó bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́pàá ní ìyẹn ò sí nínú ẹjọ́ tí wọ́n mú wá.

Ẹjọ́ tálákà kì í pẹ́. Kí oyún ọmọ rẹ̀ tó wọ oṣù ìbí, wọ́n ti pè é sí kóòtù. Agbẹjọ́rò tí wọ́n fún un lọ́fẹ̀ẹ́ fà á sí kọ̀rọ̀.

"Màmá, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Èérú ni ìwé yẹn báyìí. Ẹ ṣáà ní ọlọ́pàá ló dẹ́rù bà yín tí ẹ fi ní ẹ sun ún. Ẹ ní kò sí ìwé kankan nínú àpótí. Ilé lẹ máa sùn lónìí."

Ọmọ rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ikùn ńlá níwájú. "Màámi, mo fi ọmọ inú mi bẹ̀ yín. Ẹ gbọ́ tiwọn."

Ó gbà. Tọkàntọkàn ló gbà, torí ẹ̀wọ̀n ń bà á lẹ́rù gan-an.

Wọ́n pe Alága. Ó búra, ó sọ̀rọ̀, ó fi ọwọ́ júwe bí àpótí ṣe kún dé ẹnu. Adájọ́ wò ó lórí awò ojú.

"Ìgbà wo lẹ mọ̀ pé ó kún?"

"Ní ìdájí, Olúwa mi."

"Kí ìdìbò tó bẹ̀rẹ̀?"

Ikọ́ gbé agbẹjọ́rò ìjọba lójijì. Ẹ̀rín bú lẹ́yìn, akọ̀wé kóòtù ní kí wọ́n dákẹ́, òun náà ń rẹ́rìn-ín. Alága nu òógùn.

"Olúwa mi, mo ṣì í sọ ni. Kò sí ìwé kankan níbẹ̀. Àpótí náà ṣófo, ó mọ́ tónítóní. Bó ṣe mọ́ nìyẹn látìgbà tí wọ́n ti gbé e dé."

Ó parí nìyẹn! Kò síwèé, kò sẹ́jọ́. Adájọ́ ti bọ́ awò ojú, agbẹjọ́rò ti ń kó fáìlì rẹ̀, ọmọ Ìyá ti dìde, ó ń tún ìró ró. Kí Ìyá Má-tẹ̀-ẹ́ ṣáà pa ẹnu mọ́ ló kù.

Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ti ń hó. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló fi ń kó ìdọ̀tí onídọ̀tí. Àwọn èèyàn á wọlé, wọ́n á bá ibi tó mọ́, wọ́n á rò pé bó ṣe rí látọjọ́ tí wọ́n ti kọ́lé nìyẹn. Kò bá ẹnì kankan jà rí lórí ìyẹn. Àmọ́ kí ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ da ìdọ̀tí dúró níwájú òun, kó búra pé kò síbẹ̀ rí!

"Irọ́ ni!" Ó ti dìde. "Olúwa mi, irọ́ ló ń pa! Àpótí yẹn dọ̀tí! Ìwé kún un bámúbámú! Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi pé ìbò òun ni! Èmi ni mo kó o jáde, èmi ni mo sun ún, èmi ni mo fọ̀ ọ́!"

Ọmọ rẹ̀ jókòó padà. Agbẹjọ́rò gbé orí lé tábìlì.

Adájọ́ wò ó títí. Àánú rẹ̀ ṣe é, ẹ̀yin náà ì bá rí i lójú rẹ̀. "Màmá, òfin ò béèrè bóyá ojúlówó ni ìwé náà àbí ayédèrú. Ẹni tó bá sun ún, ẹ̀wọ̀n ni."

"Ẹni tó kó o síbẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ̀wọ̀n ni tirẹ̀ náà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Wọ́n sì ju àwọn méjèèjì sẹ́wọ̀n. Ti Alága gùn ju tirẹ̀ lọ, lórí ìwé o. Àìsàn kọlu ọkùnrin náà nínú kóòtù níbẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù aládàáni, ó gba ibẹ̀ pẹ̀ẹ́jọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ó gba béèlì, ó sì gba ilé lọ. Títí di òní, ẹjọ́ náà ò tíì parí, ó sì ń sọ̀rọ̀ lórí ìwà òtítọ́ níbi ìpàdé. Ìyá Má-tẹ̀-ẹ́ ò ṣàìsàn. Ọkọ̀ ẹlẹ́wọ̀n gbé e lọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ̀wọ̀n ló wà tí ọmọ rẹ̀ fi bí. Nígbà tí ara abiyamọ náà le, ó gbé ìkókó wá. Ó ti to èébú sílẹ̀ látilé, ó fẹ́ bi ìyá rẹ̀ ìdí tí kò fi lè dákẹ́ ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láyé rẹ̀. Àmọ́ nígbà tó rí i lẹ́yìn wáyà, ó kàn gbé ọmọ sókè kí ìyá rẹ̀ lè rí i.

Ìyá Má-tẹ̀-ẹ́ fi ojú mọ́ wáyà. Ó wo ẹ̀yìn etí ọmọ náà, ó wo ọrùn rẹ̀, ó wo ìṣẹ́po apá rẹ̀.

"Ta ló ń wẹ̀ ẹ́?"

"Ìyá ọkọ mi ni."

Ó tún wo àárín ìka rẹ̀.

"Ó mọ́," ni ó wí. "Ó ń wẹ̀ ẹ́ dáadáa."

Ó wá yíjú sí ògiri, ó sì sunkún títí wọ́dà fi ní àsìkò ti tó.