Bí Mo Ṣe Lọ sí Òde-Omi Nítorí Orúkọ Òpópónà Wa

Ọjọ́ Sátidé ni mo lọ, lásìkò tí òjò ti ń dá díẹ̀díẹ̀. Mo kírun àsùbáà tán nílé mi ní Àgọ́-Ìwòyè, mo mu tíì gbígbóná, mo sì ti wà ní ibùdókọ̀ kí aago mẹ́fà ààbọ̀ tó lù. Ìborùn kan, fóònù mi, àti búrẹ́dì ńlá méjì tí mo rà fún Ìyá ni gbogbo ẹrù mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé mi dìde. Ọmọ Òjòwò ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni mí. Iṣẹ́ olùkọ́ ló gbé mi wá sí Àgọ́-Ìwòyè. Òpópónà tí wọ́n bí mi sí ní Òjòwò ti jẹ́ orúkọ mẹ́ta. Àwọn arúgbó a máa pè é ní Ọ̀nà Ẹfun. Wọ́n ní bóyá wọ́n ń ta ẹfun níbẹ̀ rí. Nígbà tí àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì kọ́ ilé ìwé sí ìpẹ̀kun rẹ̀, ó di Ọ̀nà Míṣọ́nnì. Nígbà tí mo wà ní kékeré, wọ́n gbé táǹkì omi ńlá kan dúró sí agbedeméjì rẹ̀. Omi inú táǹkì náà kò pẹ́ tó fi gbẹ, ṣùgbọ́n Ọ̀nà Táǹkì ni gbogbo ọlọ́kadà ń pè é títí di òní.

Lọ́dún yìí, ìjọba ìbílẹ̀ ní àwọn fẹ́ ri pátákó orúkọ mọ́ gbogbo òpópónà, kí àwọn ará àdúgbò fẹnu kò sórí orúkọ kan. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Alhaji Mùfútáù, ní Òpópónà Súnmọ́nù ló máa jẹ́, nítorí pé Súnmọ́nù, bàbá àgbà wa, ló la ọ̀nà náà. Aládùúgbò wa, Tíṣà Adébáyọ̀, tó ti fẹ̀yìn tì, ní orúkọ bàbá tòun ló tọ́ sí i, nítorí bàbá náà ni olùkọ́ àgbà àkọ́kọ́ nílé ìwé náà. Àwọn méjèèjì ti jọ ń jẹ ìkọ́kọrẹ́ nínú àwo kan láti kékeré, wọ́n wá di ẹni tí kì í kí ara wọn mọ́. Wọ́n ní kí oníkálukú mú ẹ̀rí wá sípàdé lọ́jọ́ Ajé.

Ẹnì kan ṣoṣo ló kù láyé tó gbé òpópónà náà kí ilé ìwé tó débẹ̀: Ìyá Wòsílá, àbúrò bàbá àgbà wa, ọmọ ìyàwó kékeré, tó lọ́kọ sí Òde-Omi. Bọ̀dá mi ní kí n lọ bá wọn.

"Ká ohùn Ìyá sínú fóònù rẹ," ó sọ fún mi. "Kí wọ́n ṣáà ti sọ pé bàbá wa ló la ọ̀nà náà. Ọ̀rọ̀ bùṣe nìyẹn."

Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ.

Ẹgbẹ̀rún kan náírà ni mo san dé Ìjẹ̀bú-Òde, mo sì san ẹgbẹ̀rún mẹ́rin nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Àbígí. A pọ̀ nínú ọkọ̀ náà. Àpò gààrí ẹnì kan wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ọ̀nà dára níwọ̀n ìgbà tí a wà lójú títì Bíní, ṣùgbọ́n bí a ti yà sọ́tùn-ún, kòtò gba ìjókòó lọ́wọ́ wa. Mo rí i bí ilẹ̀ ṣe ń yí padà. Ilẹ̀ pupa tiwa ń ṣá lọ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi di yanrìn funfun, tí ọ̀pẹ sì wà lọ́tùn-ún lósì.

Ní Àbígí mo gun ọ̀kadà lọ sí Makun-Omi. Ẹ̀rù bà mí létí omi, n kò ní purọ́. Ní ìlú tiwa, odò tí a mọ̀ kò ju èyí tí ènìyàn lè wọ́ kọjá lọ. Èyí tẹ́jú lọ bí pápá. Ọlọ́kọ̀ ojú omi, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Oríyọmí, fún mi ní ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì. Mo so gbogbo okùn rẹ̀ pátá.

"Mọ̀mí, ilé ta lẹ̀ ń lọ?" ó bi mí.

Mo sọ fún un, mo sì ní n kò mọ orúkọ òpópónà wọn.

Ó rẹ́rìn-ín. "Òpópónà kẹ̀? Omi ni títì wa. Èbúté Ìyá Wòsílá ni mo máa já yín sí."

Ó ṣàlàyé fún mi bí a ti ń lọ pé ẹni tó bá kọ́kọ́ tẹ̀dó síbì kan, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n máa ń pe èbúté ibẹ̀, àní bí ilé náà bá ti wó. Ó tọ́ka sí ibì kan tí kò sí ohunkóhun àfi òpó igi mẹ́ta nínú omi, ó dárúkọ ẹni tó ni ín, ó sì sọ irú ẹja tó máa ń pa.

Ìyá Wòsílá jókòó sẹ́nu ọ̀nà lórí pákó, wọ́n ń ṣa ẹja gbígbẹ. Ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́.

"Lèsí rèé?" ni wọ́n kọ́kọ́ sọ. Bí àwa Ìjẹ̀bú ṣe ń béèrè ta ni èyí nìyẹn, ó sì dùn mọ́ mi pé omi kò fọ̀ ọ́ kúrò lẹ́nu wọn.

"Sẹ̀kínátù ni, Ìyá. Ọmọ Lásísì, láti Òjòwò." Mo kúnlẹ̀. Wọ́n fọwọ́ kàn mí lójú, nímú, lágbọ̀n.

"Lásísì lo jọ," ni wọ́n wí. "Lọ jẹun ná."

Ọmọ wọn obìnrin gbé púpurú fún mi. Ẹ̀gẹ́ ni òun náà bíi gààrí, ṣùgbọ́n iná ni wọ́n fi ń yá a lódindi kí wọ́n tó lọ̀ ọ́, nítorí náà òórùn èéfín máa ń wà lára rẹ̀. Ẹja tútù inú ọbẹ̀ náà ṣì wà nínú omi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo jẹ ẹ́ tán.

Lẹ́yìn náà mo tẹ fóònù, mo bi Ìyá bóyá Súnmọ́nù ló la ọ̀nà Òjòwò.

"Ó la ọ̀nà náà lóòótọ́," ni wọ́n dáhùn.

Inú mi dùn. Àfi bí wọ́n ṣe ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

"Ṣùgbọ́n wọ́n gbà á síṣẹ́ ni. Lébìrà ni. Àwọn márùn-ún ni wọ́n, ọ̀dọ́mọkùnrin. Ìyá Ẹfúnyẹmí ló gbà wọ́n."

"Ta ni Ìyá Ẹfúnyẹmí?"

"Òun ló ni Ọ̀nà Ẹfúnyẹmí. Ẹ̀yin lẹ gé e kúrú, tí ẹ sọ ọ́ di ẹfun."

Obìnrin náà ń ra ẹja gbígbẹ ní Òde-Omi yìí, ó ń tà á ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ilẹ̀ náà jẹ́ ti bàbá rẹ̀, igbó sì ni. Nítorí pé àwọn oníbàárà rẹ̀ ń ṣubú sínú ẹrẹ̀, ó fi owó ara rẹ̀ gba àwọn tó la ọ̀nà láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ dé ọjà. Nígbà tí Súnmọ́nù fẹ́ gbéyàwó tí kò níbi tí yóò gbé e sí, obìnrin náà gé ilẹ̀ fún un. Kò gba kọ́bọ̀.

"Ilé tí wọ́n bí bàbá rẹ sí, ilẹ̀ rẹ̀ ni," Ìyá ní. "Òun ló tọ́ èmi náà. Òun ló mú mi mọ omi, tí mo fi rí ọkọ níbí. Kò bímọ. Inú yàrá rẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Nígbà tí ilé náà wó, orí ilẹ̀ yẹn ni wọ́n gbé táǹkì yín lé."

Mo bi wọ́n pé ṣé bàbá àgbà fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ ni.

"Súnmọ́nù? Kò fi pamọ́ rárá. Gbogbo Iléyá ló máa ń pín ẹran níwájú ilé yẹn, tí yóò máa pe orúkọ obìnrin náà. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló dákẹ́. Ojú ń tì wọ́n pé ẹnì kan ló fún bàbá wọn nílẹ̀."

"Èéṣe tí ẹ̀yin náà kò fi sọ ọ́, Ìyá?"

"Ta ló bi mí?"

Ọkọ̀ ojú omi ìkẹyìn gbéra láago mẹ́ta. Bí mo ti gúnlẹ̀ sí Makun-Omi ni fóònù dún. Bọ̀dá ni.

"Ṣé wọ́n sọ ọ́?"

"Wọ́n sọ̀rọ̀, Bọ̀dá. Mo ń bọ̀ nílé."

N kò ní fi ohun tó wá sí mi lọ́kàn pamọ́. Gbólóhùn àkọ́kọ́ tí Ìyá sọ wà níbẹ̀ ketekete. Tí mo bá gé ìyókù kúrò, a ti borí nìyẹn, Ìyá kò sì ní mọ̀ láéláé. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń gé e. Láti Àbígí títí dé Ìjẹ̀bú-Òde ni mo fi di fóònù náà mú. Mo ń rántí òpó mẹ́ta inú omi yẹn, tí ẹni tí kò bá ẹni tó ni wọ́n tan ń dárúkọ onítọ̀hún fún àlejò. Ojú tì mí fún ilé wa.

Mo gba Òjòwò lọ tààrà, mo débẹ̀ bí wọ́n ti ń pe ìrun mọ̀ǹgàríbì. A kírun tán, mo sì jẹ́ kí Bọ̀dá gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì.

"Gé e," ó ní.

"Bọ̀dá, ẹ má bínú. N kò lè gé e."

"Ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa sọ pé ilẹ̀ ìtọrẹ là ń gbé ni?"

"Ilẹ̀ ìtọrẹ là ń gbé, Bọ̀dá."

Ó dìde, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ Ajé, mo gbàyè níbi iṣẹ́, mo lọ sípàdé. Bọ̀dá wà lẹ́yìn pátápátá. Mo jẹ́ kí gbogbo wọn gbọ́ fóònù náà. Nígbà tí ohùn Ìyá dákẹ́, Tíṣà Adébáyọ̀ ṣí fìlà, ó ní òun kò lẹ́jọ́ mọ́, pé iwájú táǹkì yẹn ni òun ti ń gbá bọ́ọ̀lù láìmọ̀ pé sàréè ni. Gbogbo ìpàdé fọwọ́ sí orúkọ Ẹfúnyẹmí. Bọ̀dá kò nawọ́ sókè, kò sì tako ó.

Ohun tí ìrìn àjò yìí kọ́ mi kò ṣòro láti sọ. Òde-Omi kò ní pátákó kan ṣoṣo, wọ́n sì mọ ẹni tó ni ibi gbogbo. Àwa tí a ti pe ọ̀nà kan lórúkọ mẹ́ta ni kò mọ ẹni tó là á.

Wọ́n ti ri pátákó náà mọ́lẹ̀ báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo lọ kí Bọ̀dá, mo bá a níta tó ń ṣàpèjúwe ilé fún bíríkìlà kan lórí fóònù. Kò rí mi.

"Òpópónà Ẹfúnyẹmí," ó ní. Ó tún un pè, ó rọra pè é. "Rárá, kì í ṣe olóṣèlú. Ìyá tó fún bàbá wa nílẹ̀ ni."