Ẹni Tó Ń Gùn Kẹ́yìn

Ẹ̀gbọ́n mi kì í tètè gba nǹkankan gbọ́. Iṣẹ́ jórinjórin ló ń ṣe, Yẹ̀ẹ́wò sì ni gbogbo wa ń pè é. Bí ìyàwó rẹ̀ bá gbé tíì fún un, á kọ́kọ́ wo ìsàlẹ̀ ife. Ìdí nìyẹn tá a fi fi í sẹ́yìn nínú ẹgbẹ́ àwa tó ń gun alùpùpù rìnrìn àjò lópin ọ̀sẹ̀. Èmi ni mò ń ṣáájú, òun ló ń gùn kẹ́yìn nínú ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn. Ẹni tó bá ṣubú, ẹni tí táyà rẹ̀ bá jò, òun ló máa bá a lọ́nà.

A kì í gùn ní ẹ̀gbẹ́ ara wa. Ẹnì kan á wà lápá òsì, ẹni tó tẹ̀ lé e á fà sẹ́yìn lápá ọ̀tún, kí oníkálukú lè ráyè tẹ bíréèkì. Bá a bá dé ìyànà, ẹni tó wà lẹ́yìn mi á dúró níbẹ̀, á máa nawọ́ sí ọ̀nà fún àwọn yòókù. Òjò ì báà rọ̀, kò gbọdọ̀ kúrò àfi tí ẹlẹ́wù ọsàn bá kọjá.

Lọ́dún kan, ọmọbìnrin Yẹ̀ẹ́wò, nọ́ọ̀sì tóun náà ń bá wa gùn, mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan wálé pé òun lòun máa fẹ́. Télọ̀ ni.

"Télọ̀?" Ojú Yẹ̀ẹ́wò yí padà. "Àwọn 'ẹ wá gbà á lọ́la'?"

"Bàámi, àdéhùn tiẹ̀ kì í yẹ̀."

"Páńsá ò fura, páńsá jáná. A ó máa wò ó."

Télọ̀ dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ wa, ẹ̀gbọ́n mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀sùn sí i lẹ́sẹ̀. Akoto rẹ̀ tuntun jù. Ta ló rà á fún un? Ó ń rẹ́rìn-ín jù. Kí ló ń fi pa mọ́? Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ lọ́rùn sílẹ̀." Ó ní, "Ìwọ náà? Kí ló fún ẹ jẹ?" Inú bí mi gan-an. Lóòótọ́, ṣòkòtò tó rán fún mi ló wà nídìí mi, ṣùgbọ́n mo sanwó ẹ̀.

Ní Sátidé kan, àwa mẹ́sàn-án gbéra. Télọ̀ wà lẹ́yìn mi, nọ́ọ̀sì wà níwájú bàbá rẹ̀. Ní ìyànà tó wọ ọ̀nà oko, Télọ̀ dúró, a sì kọjá, nọ́ọ̀sì ló kọjá kẹ́yìn. Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ṣe nìyí, ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́ fún mi: bó ṣe kù díẹ̀ kó dé ìyànà náà, ó yà sẹ́yìn ilé ìlagi kan, ó pa alùpùpù, ó ń yọjú. Bí Télọ̀ bá fi lè kúrò níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó parí nìyẹn.

Òjò dé. Télọ̀ wo aago, ó wo ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n mi ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé, "Ó ti fẹ́ sá." Kò sá. Ó bọ́ akoto, ó gbọn omi ara ẹ̀ dànù, ó tún un dé. Ogójì ìṣẹ́jú! Yẹ̀ẹ́wò tún ń fura pé bóyá ó ti rí òun ló ṣe ń dúró. Nígbà tó sú u, ó jáde bí ẹni tí nǹkankan ò ṣe.

"Ẹ kú òjò o, sà," Télọ̀ kí i, wọ́n sì jọ ń lọ.

Àwa tó wà níwájú ò dààmú. Nígbà tá ò rí nọ́ọ̀sì nínú dígí mọ́, a ní bàbá ẹ̀ ṣáà wà lẹ́yìn ẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó yí padà, ó ṣì ń dùn mí títí dòní.

Ẹ̀bá gọ́tà kan la ti pàdé, àwọn láti ẹ̀yìn, èmi láti iwájú. Táyà nọ́ọ̀sì ló bẹ́, ló bá já sínú gọ́tà náà. Alùpùpù wó lé e lẹ́sẹ̀, fóònù rẹ̀ fò sínú koríko, omi gọ́tà sì ti mù ún dé ìbàdí. Télọ̀ nìkan ló gbé alùpùpù náà kúrò lórí rẹ̀.

"Mi ò tiẹ̀ kígbe," ọmọ náà sọ, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. "Mo ní Bàámi ló wà lẹ́yìn, wọ́n á dé láìpẹ́. Bàámi, níbo lẹ wà?"

"Táyà wọn ló jò," Télọ̀ yára dáhùn.

"Má parọ́ nítorí mi," ẹ̀gbọ́n mi wí. "Mo fara pamọ́ ni. Mo fẹ́ wò ó bóyá Télọ̀ á sá."

Ọmọ náà yíjú sí i.

"Bàámi, nínú gbogbo ayé, ẹ̀yin nìkan ni mi ò fura sí rí."