Aago Tí Màámi Bá Mi Wọ̀

Orí àtẹ̀gùn ni mo ti kọ́kọ́ rí i. Mo ti ibi iṣẹ́ dé lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan, mo sì bá Màámi tí wọ́n jókòó sí agbedeméjì àtẹ̀gùn ilé wa ní Norcross, ní Amẹ́ríkà níbí. Ọwọ́ wọn kan di irin àtẹ̀gùn mú, èkejì wà láyà wọn. Mo béèrè pé kí ló dé. Wọ́n ní kò sí nǹkan kan, àwọn kàn ń wo ọkọ̀ tó ń kọjá ni. Ẹ wò ó, kò sí ọkọ̀ kankan tó ń kọjá. Ibi ìgbọ́kọ̀sí ni àtẹ̀gùn yẹn dojú kọ, gbogbo ọkọ̀ tó wà níbẹ̀ ló dúró. Òógùn bo iwájú orí wọn, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́. Àyà mi já. Àmọ́ kí n má parọ́ fún yín, ohun tí mo ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni pé mo wo aago tó wà lọ́rùn ọwọ́ wọn, mo rí i pé ìgbésẹ̀ wọn ti lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́fà, inú mi sì dùn.

Ẹni tó ní ìyá tàbí bàbá nílé, tó rò pé òun máa tètè mọ̀ bí ara wọn ò bá yá, òun ni mo ń kọ èyí fún. Ilé ìwòsàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn ni mo ń fà láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Bí ẹnìkan bá yẹ kó mọ̀, èmi ni.

Ara mi ni mo ra aago yẹn fún. Orúnkún tó ń dùn mí ló kó mi sí i. Dókítà mi ní ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi ti ń gòkè, kò tíì di àtọ̀gbẹ, àmọ́ ọ̀nà ibẹ̀ ló ń lọ. Ó ní kí n máa rìn, kí n sì máa lúwẹ̀ẹ́, torí omi kì í jẹ́ kí ìwúwo ara bọ́ sórí orúnkún. Èmi tí n kò wọ omi tó ju ti báfù lọ rí, mo bá lọ forúkọ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn àgbà ní ìlúwẹ̀ẹ́. Aago àkọ́kọ́, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rà á. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí rẹ̀ pé omi ò lè ràn án. Ọjọ́ kejì tí mo wọ̀ ọ́ wọnú omi, ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, ó kú fin-ín fin-ín.

Ilé ìtajà ńlá tó wà ní Buford ni ọkùnrin kan tó ń ta aago ti là mí lójú. Ó ní èyí tó lè fara da òjò àti omi ìfọwọ́ yàtọ̀ sí èyí tí èèyàn lè fi lúwẹ̀ẹ́. Kí n wá èyí tí wọ́n kọ àádọ́ta mítà sí, tí wọ́n sì sọ ọ́ ní kedere pé ó wà fún ìlúwẹ̀ẹ́. Àádọ́ta yẹn kì í ṣe ibi tí mo máa rì dé o, agbára tí omi fi ń tẹ̀ ẹ́ ni wọ́n fi ń wọ̀n. Kí okùn rẹ̀ jẹ́ rọ́bà, torí awọ máa ń jẹrà nínú omi. Kí nọ́ńbà ojú rẹ̀ tóbi, kí n má bàa máa wá awò ojú kiri. Iná kéékèèké sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tó fi ń ka bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré lábẹ́ awọ ara. Ó gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ra dáadáa, torí bí okùn bá dẹ̀, irọ́ ni aago á máa pa. Ẹ fi ti ìkẹyìn yẹn sọ́kàn. Òun ni mo fi tan ara mi jẹ.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹgbẹ́ àwọn ìyá dá ìdíje ìrìn sílẹ̀. Tó bá ti di ọjọ́ Àbámẹ́ta, oníkálukú á fi àwòrán iye ìgbésẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sórí Wásáàpù ẹgbẹ́. Aunty Yẹ́misí ló gba ipò kìíní fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Ẹni tó ń wa mọ́tò láti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ dé ibi àpótí lẹ́tà! Ó wá kọ ọ́ sí mi lójú gbogbo ẹgbẹ́ pé, “Sister Bọ́sẹ̀, ẹ gbìyànjú o.” Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ eegun.

Màámi, ní tiwọn, kò lè jókòó sójú kan. Láti ìgbà tí wọ́n ti dé láti Abẹ́òkúta, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, wọ́n á yí gbogbo ọgbà ilé wa po, wọ́n á máa fi Yorùbá kí àwọn ará Mẹ́síkò tó ń gé koríko, àwọn yẹn náà á sì dá wọn lóhùn. Bóyá ìlara ló tì mí ni o, n kò mọ̀. Mo bọ́ aago lọ́wọ́ mi, mo so ó mọ́ Màámi lọ́wọ́ òsì. Ọjọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ nìkan ni mo máa ń gbà á padà. Mo ní kí wọ́n bá mi rìn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé wọ́n tún máa ń ránni níṣẹ́ ìrìn ní Amẹ́ríkà ni. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni mo bọ́ sí ipò kìíní. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ọkọ mi.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ wọlé sórí fóònù mi lẹ́nu iṣẹ́. Aago ní ọkàn ẹni tó wọ òun kò lù déédéé. Lọ́jọ́ kejì, ó tún wọlé. Àìsàn ọkàn kan wà tó jẹ́ pé apá òkè ọkàn á máa gbọ̀n yẹ́ẹ́yẹ́ẹ́ dípò kó máa lù. Ẹ̀jẹ̀ á wá rọra dúró síbẹ̀, á dì, èyí tó dì náà sì lè gba inú iṣan lọ sí ọpọlọ. Mo mọ̀ ọ́n. Mo máa ń fa ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní i. Síbẹ̀ mo sọ fún ara mi pé ọwọ́ Màámi tínrín, okùn ló dẹ̀. Mo fa okùn náà le títí wọ́n fi ní ó ń pọ́n àwọn lọ́wọ́. Nígbà tí ìkìlọ̀ náà ò dáwọ́ dúró, mo wọ inú fóònù, mo pa á kó má dún mọ́.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé bí mo bá gbé wọn lọ rí dókítà, ọkọ mi á béèrè bí mo ṣe mọ̀, n óò sì ní láti jẹ́wọ́ pé ìyá mi ni mo ń fi díje. Ojú tì mí. Nítorí ìtìjú lásán-làsàn!

Ọjọ́ kẹrin tí mo pa ìkìlọ̀ yẹn ni mo bá wọn lórí àtẹ̀gùn. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo kúrò nílé ní aago márùn-ún ààbọ̀ àárọ̀, Màámi ṣì ń sùn. Òru ni ọkọ mi, Bàbá Tọ́lá, fi ń ṣiṣẹ́ ní tirẹ̀, ó ń bá wọn kó ẹrù wọ ọkọ̀ òfuurufú ní College Park. Aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀ ló wọlé, ó bá Màámi nídìí tábìlì. Ṣíbí ti bọ́ lọ́wọ́ wọn, ògì dà sí wọn láṣọ, ẹnu wọn wọ́ sápá kan, ọwọ́ ọ̀tún ò gbéra. Wọ́n ń sọ̀rọ̀, kò yé e. Ọpẹ́lọpẹ́ ọkọ mi, kò fún wọn lómi mu, kò ní kí wọ́n lọ sinmi ná. Ojú ẹsẹ̀ ló pe ọkọ̀ aláìsàn.

Mo bá wọn ní ẹ̀ka pàjáwìrì pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Àwọn dókítà ní rọpárọsẹ̀ ni: ẹ̀jẹ̀ dídì ti dí iṣan kan nínú ọpọlọ, ibi tí iṣan yẹn ń bọ́ sì ti ń kú lọ díẹ̀díẹ̀. Dókítà tó ń tọ́jú wọn, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ rọ̀, ṣàlàyé pé oògùn kan wà tó lè tú ẹ̀jẹ̀ náà, àmọ́ láàárín wákàtí díẹ̀ tí àìsàn bá bẹ̀rẹ̀ nìkan ni. Bí ó bá ti pẹ́ jù, oògùn yẹn kan náà lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa ya nínú ọpọlọ. Ìgbà wo la rí wọn kẹ́yìn tí ara wọn dá? Ọkọ mi ní alẹ́ àná. Èmi ní wọ́n ń sùn nígbà tí mo jáde. Dókítà mi orí. Ó ní bí kò bá sẹ́ni tó mọ̀, alẹ́ àná ni àwọn gbọ́dọ̀ kà á sí, ó sì ti pẹ́ jù nìyẹn.

Dókítà padà wọlé. Èmi àti ọkọ mi jókòó sórí àga. Ọwọ́ mi yìí, òun ni wọ́n máa ń wá pè bí wọn ò bá rí iṣan aláìsàn. Lọ́jọ́ yẹn, kò wúlò fún nǹkan kan. Bàtà Màámi kan ni mo dì mú. Aunty Yẹ́misí wọlé, ọkọ mi ló pè é, ó gbé fláàsì ẹ̀kọ gbígbóná dání. Nọ́ọ̀sì kan wá kó ẹrù Màámi fún wa nínú àpò ọ̀rá: ìró, awò ojú, àti aago.

Mo yọ aago náà. Mo ṣí fóònù. Aago ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni tó wọ òun bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ní aago méje kọjá, ó rìn, ó rìn, ó gun àtẹ̀gùn, ó sì dúró ní aago mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú. Aago mọ́kànlá ò tíì lù. Mo sáré lé dókítà. Mo ní Màámi rìn láàárọ̀ yìí, ẹ̀rí ẹ̀ rèé. Ó gba fóònù, ó wò ó, ó ní orúkọ tèmi ló wà lórí rẹ̀.

Ọkọ mi ti dúró lẹ́yìn mi. Aunty Yẹ́misí náà ti dúró.

“Èmi kọ́ ni mo ń rìn,” mo ní. “Màámi ni. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Èmi ni mo so ó mọ́ wọn lọ́wọ́.”

Mo sọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, mo tún un sọ ní Yorùbá, n kò mọ ẹni tí mo ń sọ ọ́ fún. Dókítà yí ojú fóònù sókè, ó rí gbogbo ìkìlọ̀ ọkàn, bẹ̀rẹ̀ láti ti ọjọ́ kìíní. Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan. Ó lọ yẹ àwòrán ọpọlọ tí wọ́n ti yà wò, ó rí i pé ẹ̀jẹ̀ ò ya níbẹ̀, ó sì bá àwọn ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó padà wá, ó ní àwọn máa fún wọn, àmọ́ kí n mọ̀ pé ó lè gbà, ó sì lè pa wọ́n lára. Mo bu ọwọ́ lùwé. Aago tí mo fi ṣe èrú náà ló wá jẹ́rìí fún wa, ohun tí mo sì kọ̀ láti gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ ló gbé wa débẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ bá mi rò ó.

Láti ìgbà náà títí di ìrọ̀lẹ́, kò sí ohun tí mo lè ṣe. Àdúrà ò tilẹ̀ jáde lẹ́nu mi. Aunty Yẹ́misí bu ẹ̀kọ sínú ife, ó fi lé mi lọ́wọ́. Mo retí pé yóò sọ̀rọ̀ ìdíje. Kò sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, kò sì tíì sọ ọ́ títí dòní. Ọkọ mi ní tirẹ̀ ò bá mi jà, àmọ́ ó pẹ́ kó tó lè wo ojú mi.

Ìrọ̀lẹ́ ni ìka ọwọ́ ọ̀tún wọn mì. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n pe orúkọ mi, ó lọ́ pọ̀, ṣùgbọ́n orúkọ mi ni. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, a gbé wọn wálé pẹ̀lú oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Àárọ̀ àti alẹ́ ni wọ́n ń lò ó, a kì í fo ẹyọ kan, a sì ń ṣọ́ra kí wọ́n má fara gbọgbẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ já gaara tán. Ọwọ́ ọ̀tún ò tíì lè ró ìró. Èmi ni mo ń ró o fún wọn láràárọ̀, wọ́n á sì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí n óò fi ṣe tán.

Ọjọ́ kan bẹ́ẹ̀ ni mo béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n ti mọ ohunkóhun lára kí ó tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní àyà àwọn ti máa ń ṣe pì-pì-pì láti Abẹ́òkúta. Mo ní kí ló dé tí wọn ò sọ.

“Bí mo bá ti ìrìn dé, wàá wo aago, wàá sì rẹ́rìn-ín,” ni wọ́n wí. “Mo fẹ́ràn ẹ̀rín yẹn. Lọ́jọ́ tí o bá mi lórí àtẹ̀gùn, ó ti rẹ̀ mí, ṣùgbọ́n mo rò pé ìgbésẹ̀ mi ò tíì pọ̀ tó lójú ẹ.”

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé.

Àwọn dókítà ti ní kí Màámi máa rìn nínú omi báyìí, níbi tí kò jìn, torí omi máa ń gbé ẹsẹ̀ tí kò lágbára. Aago náà ló wà lọ́wọ́ òsì wọn. Orúkọ wọn ló wà lórí rẹ̀, ìkìlọ̀ rẹ̀ sì ń dún. Bí a bá jáde, mo máa ń fi omi tó mọ́ ṣan án, torí kẹ́míkà inú omi yẹn ń jẹ rọ́bà. Àmọ́ kí n tó wo aago, ìka méjì ni mo kọ́kọ́ máa ń gbé lé ọrùn ọwọ́ wọn, kí n fi ọwọ́ ara mi gbọ́ bí ọkàn wọn ṣe ń lù. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà yẹn, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkàn arúgbó tó ń ṣe ségesège tí kò sì dákẹ́. Ìtọ́jú ara kì í ṣe iṣẹ́ tí à ń rán ẹlòmíì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Màámi dúró láàárín omi, fìlà rọ́bà lórí, wọ́n ń mí gúlegúle. Wọ́n na ọwọ́ òsì sí mi.

“Ó ti di mélòó?”

N kò wo aago. Ojú wọn ni mo wò.

“Ó ti tó, Màámi,” mo ní. “Ẹ jẹ́ ká jáde.”