Fàúsátù Tí Kò Dá Mercy Padà

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ pàdé Fàúsátù Ògúnṣẹ̀yẹ, ìkanra ló fi pàdé mi. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Otto ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Wọ́n ní kí n lọ bá obìnrin kan ní Gbaji tó ń tọ́jú àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn tí ń fi ènìyàn ṣòwò, kí n bèèrè bóyá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lè máa wá kọ́ àwọn ọmọ náà níwèé. Mo kan ilẹ̀kùn. Obìnrin kúkúrú kan yọjú, téèpù aránṣọ rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn. Kò ní kí n jókòó.

“Ta ló rán ọ?”

“Iléèwé wa ni, mà.”

“Ṣé fọ́tò lẹ fẹ́ yà wá?”

“Rárá, mà.”

“Bọ́ bàtà rẹ síta. Bó o bá bi ẹnikẹ́ni nínú wọn léèrè ohun tójú wọn rí, kíákíá ni wàá padà wọ̀ ọ́.”

Mo bọ́ bàtà mi. Ohun tí mo ń kọ sílẹ̀ yìí, díẹ̀díẹ̀ ni mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ àti lẹ́nu àwọn ará ilé rẹ̀.

Morogbo ni wọ́n bí Fàúsátù sí, ọmọ Àwórì ni. Ó wà ní kékeré tí bàbá rẹ̀ fi í sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń ta aṣọ ní Òjó. Ó fọ abọ́, ó gbé ọmọ pọ̀n, ó sì jẹ ẹgba díẹ̀. Ṣùgbọ́n Iléyá kan kò kọjá tí obìnrin náà kò mú un wálé fúnra rẹ̀, pẹ̀lú aṣọ tuntun lọ́rùn rẹ̀, kí ìyá rẹ̀ lè wò ó níwá wò ó lẹ́yìn. Obìnrin náà ló kọ́ ọ níṣẹ́ aṣọ rírán. Ìgbà tó tó ilé ọkọ lọ, awakọ̀ kan tó ń ná ọ̀nà Seme ló fẹ́, Ògúnṣẹ̀yẹ. Ọkùnrin náà gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ìdílé Hùnsù ní Gbaji, ó kọ́ ilé sí i lẹ́bàá títì, ó sì kú sínú ilé náà láìfi ọmọ sílẹ̀.

Bí iṣẹ́ tó wá gba gbogbo ayé rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn agbófinró já ọmọbìnrin kan gbà nínú ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti ẹnubodè. Ṣọ́ọ̀bù Fàúsátù ló kọjú sí ibi tí wọ́n dúró sí, wọ́n bá ní kó bá àwọn tọ́jú ọmọ náà di ìrọ̀lẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà kò dé mọ́. Bí wọ́n bá tún gba ọmọ mìíràn, wọ́n á mú un wá síbẹ̀. Nígbà tó yá, yàrá kan ṣoṣo ló kù fún un nínú ilé ọkọ rẹ̀, kò sì sí ẹnì kan nínú àwọn ará àdúgbò tí ojú rẹ̀ kò tíì korò sí i. “Ilé aṣẹ́wó” ni wọ́n ń pe ilé náà. Àwọn obìnrin kì í jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ fami nínú kànga. Fàúsátù náà kì í ṣe ẹni tí ń dákẹ́.

“Ìyá Rewájú,” ló ké mọ́ ọ̀kan nínú wọn lọ́jọ́ kan, “bí omi yìí bá ń yí padà nítorí ẹni tó fà á, ì bá ti korò láti ọjọ́ tí ìwọ ti ń fà á!”

Láàárín àwọn ọmọ wọ̀nyí ni Mercy wà. Ọmọ Ègùn ni, láti abúlé apẹja kan létí ọ̀sà, kò sì tíì ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ. Wọ́n ti mú un lọ sí Kútọnu, níbi tó ti ń gbé igbá ọjà kiri fún obìnrin kan tó ń fi irin gbígbóná jó o lẹ́yìn bí ọjà kò bá tà. Ó lo ọdún mẹ́ta níbẹ̀ láìfojú kan ìyá rẹ̀ kí ó tó bá àwọn oníṣòwò ẹja sá wá sí Gbaji.

Nígbà náà ni ìjọba kéde owó ìrànwọ́ fún àwọn ilé tó ń gba irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Arábìnrin Ẹ̀bùnolúwa, òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó ń bojú tó agbègbè náà, ló wá ṣàlàyé ètò náà fún Fàúsátù.

“Màmá, ohun méjì ló wà níbẹ̀. Bí ẹ bá wọlé sínú ètò yìí, ìjọba yóò máa bọ́ àwọn ọmọ yìí, a ó sì san owó ilé ìwé wọn. Bí ẹ kò bá wọlé, ẹ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti tọ́jú ọmọ ẹlọ́mìíràn mọ́. A ó kó wọn padà sọ́dọ̀ àwọn ẹbí wọn.”

“Ẹbí wo? Àwọn tó tà wọ́n?”

“Ohun tí òfin sọ ni mo ń sọ, Màmá. Gbogbo ìwé yín ló pé. Ìfọwọ́sí àwọn onílẹ̀ nìkan ló kù, kí wọ́n jẹ́rìí pé àwọn mọ̀ yín, àwọn sì fẹ́ ilé náà ládùúgbò wọn.”

Fàúsátù ra ọtí ṣìnáàpù kan, ó we gèlè rẹ̀ dáadáa, ó gba ilé Bàbá Hùnsù lọ. Lẹ́nu ọ̀nà, ìyá arúgbó kan jókòó lórí àpótí, ó ń ṣa ẹja gbígbẹ. Fàúsátù ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, mà,” lórí ìdúró, ó sì kọjá wọlé. Ó kúnlẹ̀ fún Bàbá Hùnsù, ó sì gbé ọtí kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Ọkùnrin náà kò fọwọ́ kàn án.

“Ta lo kí kí o tó dé ọ̀dọ̀ mi?”

“Ẹ̀yin ni mo wá kí, Bàbá. Ẹ̀yin lolórí ẹbí.”

Bàbá Hùnsù bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú rẹ̀. “Àwórì! O ti ń gbé orí ilẹ̀ wa láti ìgbà tí irun orí rẹ ti dúdú, o kò sì mọ ẹni tó nilé. Gbé ọtí rẹ.”

Ojú ni àlejò ní, kò fi ríran. Ní Morogbo, bí baálé bá ti fẹnu sí ọ̀rọ̀, ó parí. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn Ègùn, ìyá kan wà tí wọ́n ń pè ní táńyínọ̀, ọ̀kan lára àwọn àgbà obìnrin tí ìdílé bí. Òun ní ń bá àwọn baba tó ti lọ sọ̀rọ̀ lórúkọ àwọn tó wà láyé, kò sì sí ohun tí ìdílé Hùnsù lè fọwọ́ sí tí kò gba ẹnu rẹ̀ kọjá. Ọkọ Fàúsátù mọ èyí nígbà tó ń gba ilẹ̀, kò kàn sọ fún ìyàwó rẹ̀ ni. Ìyá tó ń ṣa ẹja lẹ́nu ọ̀nà ni Táńyínọ̀. Ohun tó tún burú jù ni pé òun gan-an ló gba Mercy lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, tó sì fi í ránṣẹ́ sí Kútọnu.

Fàúsátù wádìí ẹni tí ìyá náà jẹ́, ó sì padà lọ lọ́jọ́ kejì. Lẹ́nu ọ̀nà lọ́tẹ̀ yìí, níwájú àpótí náà, ló kúnlẹ̀ sí.

“Ẹ jọ̀wọ́, mà. Àìmọ̀ ni. Mo kọjá yín bí ẹni kọjá kùkùté.”

Táńyínọ̀ wò ó títí. “Bí ẹni kọjá kùkùté. O mọ̀ ọ́n sọ. Ṣé oúnjẹ ni ìjọba fẹ́ fún ọ?”

“Àwọn ọmọ ni wọ́n fẹ́ fún, mà.”

“Mo gbọ́. Màá sọ fún Hùnsù àbúrò mi kó fọwọ́ sí i lónìí. Ṣùgbọ́n ọmọ kan wà lọ́dọ̀ rẹ tó jẹ́ tèmi. Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà á lé mi lọ́wọ́. Dá a padà, kí n dá a padà síbi tí mo fi í sí. Wọ́n ti ń kùn sí mi ní Kútọnu.”

“Mercy?”

“Èmi ò mọ Mercy. Ọmọ mi ni mo ń sọ.”

Fàúsátù ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. “Mà, èmi náà ni wọ́n fi sọ́dọ̀ ẹni nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ẹni tí wọ́n fi mí sọ́dọ̀ rẹ̀ ń mú mi wálé lọ́dọọdún kí ìyá mi rí mi. Ọmọ yìí lo ọdún mẹ́ta láìrí ìyá rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì dà bí ògiri tí iná jó. Ìyẹn kì í ṣe ìfisọ́dọ̀. Títà ni.”

“Máwù!” ló fi èdè Ègùn pe Ọlọ́run. “Ìwọ ni wàá kọ́ mi ní àṣà ilé mi?”

“Ẹ̀ṣẹ̀ tí mo ṣẹ̀ yín ni mo kúnlẹ̀ fún. Mo ti tọrọ àforíjì rẹ̀. N kò lè kúnlẹ̀ fún ti ọmọ.” Ó dìde, ó gbọn yanrìn eékún rẹ̀.

“Nígbà náà, lọ máa fi ìwé rẹ dáná,” ni Táńyínọ̀ sọ, ó sì padà sídìí ẹja rẹ̀.

Ọjọ́ tí Arábìnrin Ẹ̀bùnolúwa wá yẹ ilé náà wò, Bàbá Hùnsù ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀ pẹ̀lú àwọn géńdé ìdílé. Ó ní àwọn kò mọ obìnrin náà, ilé ìṣekúṣe ló ṣí sórí ilẹ̀ àwọn. Àwọn géńdé ń fi ọ̀pá gbá páànù ọgbà. Ibẹ̀ ni Táńyínọ̀ ti rọra dé, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó sì pe ọmọ náà ní ohùn pẹ̀lẹ́: “Mercy. Wá.”

Mercy kò sáré, kò sì sunkún. Ó rọra wọ abẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, ó fi apá méjèèjì gbá ẹsẹ̀ ẹ̀rọ náà mú, ìtọ̀ sì ń ṣàn lẹ́sẹ̀ rẹ̀ wá sórí sìmẹ́ńtì.

Arábìnrin Ẹ̀bùnolúwa gbé ojú kúrò lára ọmọ náà. “Màmá, mo rí i. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà lókè kò sí níbí. Ìwé ni wọn yóò kà. Bí kò bá sí ìfọwọ́sí onílẹ̀, ọwọ́ mi ò ká a.”

Fàúsátù kò wo Bàbá Hùnsù. “Onílẹ̀ ibo ni ìwé yín sọ? Ti Gbaji, àbí ti ibi tí ilé náà bá wà?”

“Ti ibi tí ilé náà bá wà, Màmá.”

“Bí ilé náà bá dìde ńkọ́?”

Kó tó di ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ti pe káfíńtà, ó sì ní kó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí páànù orí ilé náà. Bàbá Hùnsù sáré dé.

“Kí lo ń ṣe lórí ilẹ̀ wa?”

“Ilẹ̀ ni tiyín, Bàbá. Páànù ni tèmi, ọkọ mi ló rà á. Ẹ máa fi ọ̀run bo ara yín.”

Ó kó páànù, ilẹ̀kùn, ẹ̀rọ ìránṣọ àti ọmọ sínú ọkọ̀ akóyanrìn kan, ó forí lé Morogbo.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Mùsílíù, tó jẹ́ baálé báyìí, pàdé wọn lẹ́nu géètì, kò sì ṣí i.

“Láti ọjọ́ wo lo ti lọ, o kò rántí wa àfi ọjọ́ tó o lẹ́rù. Ọmọ ta nìwọ̀nyí?”

“Ọmọ ènìyàn ni, Bọ̀ọ̀dá mi.”

“Ṣé àwọn tí wọ́n ní o ń kó aṣẹ́wó pọ̀ ní Gbaji parọ́ ni?”

“Wọ́n parọ́. Ẹ̀yin náà sì mọ̀. Bàbá pín ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé fún mi kó tó kú. Orí rẹ̀ ni mo wá kọ́lé sí. Mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ fọwọ́ sí ìwé kan fún mi.”

Ìyàwó Mùsílíù ti ń ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Mùsílíù bínú, ó sọ̀rọ̀ tí kò ṣe é kọ síbí, ó jẹ́ kí oòrùn pa wọ́n lẹ́nu géètì títí wọ́n fi pe ìrun alásárì. Nígbà tó kírun tán, ó jáde wá, ó gba ìwé náà, ó sì fọwọ́ sí i lórí bónẹ́ẹ̀tì ọkọ̀.

“Kì í ṣe nítorí tìẹ. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé Mùsílíù jẹ ìpín àbúrò rẹ̀ obìnrin. Ẹ gba ẹ̀yìn wọlé. Ẹ má gba ojúlé mi.”

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìjọba fọwọ́ sí ìbéèrè náà.

Morogbo ni Fàúsátù wà báyìí, lẹ́yìn ilé bàbá rẹ̀, lábẹ́ páànù tó ṣí ní Gbaji. Ọmọbìnrin mọ́kànlá ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ̀yìn ni wọ́n sì ń gbà wọlé. Mercy ti wọ ilé ìwé girama.