Pẹpẹ Ibi Tí Ọwọ́ Wọn Tó

Ọjọ́ tí káfíńtà wá kan pẹpẹ mọ́ ògiri gáréèjì mi ní Ọgbà ni n kò lè gbàgbé. Àpótí irinṣẹ́ ọkọ mi ni mo fẹ́ gbé sórí rẹ̀.

Káfíńtà ní, "Mà, ṣé kó ga?"

Mo ní, "Ibi tí ọwọ́ wọn máa tó ni."

Nígbà tó kàn án tán, pẹpẹ náà dúró gbọin-gbọin, àmọ́ kò ga ju ìbàdí mi lọ. Káfíńtà ní, "Àwọn ọmọ ò ní máa gun àga mọ́."

Mo bú sẹ́kún. Ọmọ kankan ò sí nílé mọ́. Ọkọ mi ni mo pè ní "wọn," bí ẹni pé wọ́n ṣì wà láàyè, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti kú lọ́dún tó kọjá.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ tú u. Ibi tí ọwọ́ tèmi tó ni kí ẹ kàn án sí."