Ògiri Tí N Kò Kà

Mo rántí ìgbà tí ohunkóhun tí wọ́n bá ti kọ sílẹ̀ jẹ́ òótọ́ lójú mi. Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún kí ìyàwó mi olóògbé tó fà mí lọ sílé ẹ̀kọ́ àgbà. Bí mo ṣe mọ̀wé kà tán, ìgbéraga dé. Láràárọ̀, níwájú àtẹ oníwèé ìròyìn ní Apple Junction, níbi tí a ti ń kàwé láì rà á, èmi ni mò ń túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fáwọn àgbà.

Lọ́jọ́ kan, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọ fóònù mi: wọ́n ń po àwọ̀ mọ́ epo pupa lọ́jà Agboju. Fọ́tò obìnrin kan wà níbẹ̀, ó kẹ̀yìn sí wa, kẹ́ẹ̀gì epo yí i ká. Mo kà á sókè ketekete. Ẹnì kan ní, "Àbí ìyá elépo wa nìyẹn?" N kò ní bẹ́ẹ̀ ni, n kò sì ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, kò sẹ́ni tó ń yà sí ìsọ̀ rẹ̀ mọ́.

Lọ́wọ́ rẹ̀ ni ìyàwó mi ti ń ra epo títí ó fi kú. Ìyá elépo wá bá mi nílé, kò pariwo.

"Bọ̀dá, ẹ̀yin lẹ kà á. Ṣé ẹ rí ojú mi níbẹ̀? Ìsọ̀ yẹn nìkan ni mo ní."



Akọ̀ròyìn kan, ọmọdébìnrin lójú mi, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó wá. Èmi ló kọ́kọ́ bi léèrè. "Dádì, ta ló ya fọ́tò yìí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ohun tó wà lára ògiri iwájú obìnrin yìí fún mi." Mo fẹjú, mo ń pe lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe Yorùbá, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní Faransé ni. Ọjà orílẹ̀-èdè mìíràn!

Ó lọ sí Agboju lẹ́ẹ̀mẹta, ó tọ ipa epo ìyá náà dé ibi tí wọ́n ti ń fún epo, kó tó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé epo rẹ̀ kò ní àwọ̀ kankan nínú. Síbẹ̀, wọ́n ń yínmú nídìí àtẹ: "Wọ́n ti bu epo fún akọ̀ròyìn yẹn!" Àwọn àgbà kúkú ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Àmọ́ lọ́jọ́ kejì, ìwé ìròyìn náà tẹ ìlà kékeré kan: àwọn ṣi iye ọdún tí ìyá náà ti ń ta epo kọ, kí òǹkàwé má bínú. Ariwo ta. Ìwé ìròyìn ń tọrọ àforíjì! Ìyẹn ló kì mí láyà. Mo kà á sókè, mo sì fi tèmi lé e: "Èmi náà ṣì í kà." Mo gba ibẹ̀ lọ ra epo.

Kì í ṣe gbogbo oníbàárà ló padà. Títí dòní, bó bá ń rọ epo fún mi, á rẹ́rìn-ín: "Bọ̀dá, ṣé ẹ ti ka ògiri?" Ògiri ìsọ̀ rẹ̀ mọ́ lóló, kò sí nǹkan lára rẹ̀. Mo ṣì máa ń wò ó.